Ẹ Má Sọ Ìgbàgbọ́ Di Ìgbàgbé

Ní òru àìsùn kan ní Djègan-Kpèvi, akẹ́kọ̀ọ́ kan dìde láti ka orin fún àwùjọ kí wọ́n tó kọ ọ́. Kò mú ìwé dání. Fóònù ni ó mú. Ó ka ẹsẹ kìíní, ó ka ẹsẹ kejì, ohùn rẹ̀ já geere. Nígbà tí ó dé ẹsẹ kẹta, níbi tí ó yẹ kí àwùjọ ti dúpẹ́ nítorí ìgbàgbọ́ ẹni tí ó sùn nínú Olúwa, ó dúpẹ́ nítorí ìgbàgbé rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tí ó wà lẹ́yìn rẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà tí ó wà níwájú kò rẹ́rìn-ín, nítorí wọ́n mọ̀ pé ìyá tí a ń ṣe àìsùn rẹ̀ ti lo ọdún mẹ́rin tí ó gbẹ̀yìn ayé rẹ̀ láì dá àwọn ọmọ rẹ̀ mọ̀ mọ́. Ọmọbìnrin rẹ̀ tí ó tọ́jú rẹ̀ ní gbogbo ọdún wọ̀nyí dìde, ó sì jáde lọ sí àgbàlá.

Àwa ni a ṣe fáìlì tí akẹ́kọ̀ọ́ náà kà. Orúkọ ẹgbẹ́ wa ni ó wà ní ojú ewé àkọ́kọ́ rẹ̀. A ti lọ bẹ ìdílé náà, wọ́n sì ti dárí jì wá. Ṣùgbọ́n ìdáríjì wọn kò pa àṣìṣe náà rẹ́, nítorí fáìlì ti kúrò lọ́wọ́ wa. Ó ti dé Sakété, ó ti dé Pobè, ó ti dé ọwọ́ àwọn ọmọ wa tí ó wà ní Paris.

Nítorí náà, àpilẹ̀kọ yìí kì í ṣe ti ẹni tí ń fi ìka han aládùúgbò. Àṣà kan ni a dìde láti ta kò, àwa pẹ̀lú sì ti bá wọn dá a: àṣà kí a ya ojú ìwé ìsìn ní àwòrán, kí a da àwòrán náà fún ẹ̀rọ, kí a sì pín ohun tí ẹ̀rọ bá pọ̀ jáde láì kà á. A máa ń sọ pé ìwé àwọn baba wa ni a ń gbà là. Irọ́ ni. Ìwé ìsìn tí ẹnikẹ́ni kò tún kà kí a tó pín in, a kò gbà á là. A yí i padà ni.

Ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé bí ọ̀ràn náà ṣe rí, nítorí ọ̀pọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa rò pé ẹ̀rọ ń kàwé. Ẹ̀rọ kì í kàwé. Iṣẹ́ tí àwọn onímọ̀ ń pè ní OCR ni pé kí ẹ̀rọ wo àwòrán ojú ìwé, kí ó yẹ àmì dúdú kọ̀ọ̀kan wò, kí ó sì méfò lẹ́tà tí ó jọ. Bí a bá ti sọ fún un pé Faransé ni ìwé náà, lẹ́tà Faransé ni yóò máa wá kiri. Kò mọ̀ pé ọ wà láyé. Bí ó bá rí àmì kékeré lábẹ́ o, yóò kà á sí ìdọ̀tí, yóò sì nù ún kúrò. Nínú ìwé orin tiwa, bébà ti ká, ìlà ibi tí ó ti ká sì gba àárín lẹ́tà ọ kọjá gẹ́lẹ́. Ẹ̀rọ rí o tí ìlà là láàárín, ó ní e ni. Báyìí ni ìgbàgbọ́ ṣe di ìgbàgbé. Kò sí ọ̀tá tí ó ṣe é. Bébà tí ó ká àti ìkánjú wa ni.

Nígbà tí a sì rí i pé àwọn àmì ti sọnù, a fi àṣìṣe kejì tún àkọ́kọ́ ṣe. Ẹnìkan nínú wa pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà pé kí ó wá gbogbo ibi tí ọ̀rọ̀ báyìí-báyìí ti wà láì ní àmì, kí ó sì fi ọ̀rọ̀ kan náà tí ó ní àmì rọ́pò gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni iṣẹ́ náà gbà. A yìn ín, a ní ọmọ ọlọ́gbọ́n ni.

Lẹ́yìn òru àìsùn náà, a pe ènìyàn mẹ́fà jọ, a gbé ìwé mẹ́rin tí a ti pín fáìlì wọn ka iwájú, a sì fi wọ́n wé fáìlì ní ojú ewé kan tẹ̀ lé òmíràn. Ohun tí a rí kó ìtìjú bá wa. Ẹ̀bùn Ọlọ́run ti di ọ̀bùn Ọlọ́run. Iṣẹ́ ìyanu ti di ìṣẹ́ ìyanu, bí ẹni pé òṣì ni Olúwa fi ń ya aráyé lẹ́nu. Ẹ̀mí Mímọ́ ti di èmi mímọ́, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó rò pé òun ń pe Ẹ̀mí sọ̀kalẹ̀, ara rẹ̀ ni ó ń yìn. Ìjọba ọ̀run di ìjọba ọrùn. Nínú ìwé orin, ọ̀rọ̀ náà ẹsẹ tí ó ṣáájú nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan gba àmì tí kì í ṣe tirẹ̀, orin náà sì bẹ̀rẹ̀ sí ka ìwà wa sí wa lọ́rùn: ẹ̀ṣẹ̀ kìíní, ẹ̀ṣẹ̀ kejì, ẹ̀ṣẹ̀ kẹta. Ní ojú ewé mìíràn, mímọ́ di ohun tí kò sí ní èdè kankan, nítorí pé ẹ̀rọ pín m sí r àti n, bẹ́ẹ̀ sì ni n kì í tẹ̀ lé r gẹ́lẹ́ nínú ọ̀rọ̀ Yorùbá. Èyí tí ó burú jù lọ, a kò ní tẹ̀ ẹ́ síbí. Ẹ mú ọkọ́ tí àgbẹ̀ fi ń ro ilẹ̀, ẹ yọ àmì abẹ́ rẹ̀ méjèèjì kúrò, kí ẹ fi àmì òkè sílẹ̀. Ẹ ó mọ ohun tí fáìlì wa fi lé àgbẹ̀ lọ́wọ́ nínú ìwàásù ìkórè.

A mọ̀ pé òǹkàwé yóò rẹ́rìn-ín. Kí ó rẹ́rìn-ín. Àwa náà rín in. Ọ̀ràn náà kò sì mọ sọ́dọ̀ wa. Ní ọdún 2014, ìwé ìròyìn The Guardian ní Lọ́ńdọ̀nù ròyìn pé nínú àwọn ìwé Gẹ̀ẹ́sì kan tí a fi ẹ̀rọ kà, ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí apá ti di ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí ihò ìdí, òun sì ni àwọn olólùfẹ́ inú ìtàn fi ń gbá ara wọn mọ́ra. Nínú ìwé Faransé tí a tẹ̀ kí ọ̀rúndún kejìdínlógún tó parí, lẹ́tà s gígùn ti àtijọ́ jọ f tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀rọ fi lè sọ saint di faint, kí ó sì sọ soi, tí í ṣe ara ẹni, di foi, tí í ṣe ìgbàgbọ́. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ èdè méjèèjì, ẹ wò ó: ní Faransé, ẹ̀rọ ń dá ìgbàgbọ́ sílẹ̀ níbi tí kò sí; ní Yorùbá, ó ń gbà á lọ́wọ́ ẹni tí ó ní in.

Àṣìṣe inú ìwé mímọ́ kò sì bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ kọ̀ǹpútà. Ní ọdún 1631, Robert Barker àti Martin Lucas, atẹ̀wé ọba ní Lọ́ńdọ̀nù, tẹ Bíbélì kan tí ọ̀rọ̀ kékeré kan ti fò kúrò nínú òfin tí ó ka panṣágà léèwọ̀, tí òfin náà fi wá pa panṣágà láṣẹ. A bu ìtanràn pọ́n-ùn 300 lé wọn, a gba àṣẹ ìtẹ̀wé lọ́wọ́ wọn, a sì kó ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ẹ̀dà náà run. A kò ní kí ọba kankan wá bu ìtanràn lé wa. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀. Àṣìṣe ti 1631 ní olówó, ó ní ẹni tí a bi léèrè, ó sì ní ẹ̀dà tí a lè kó padà. Ta ni ó ni àṣìṣe inú fáìlì? Ẹni tí ó ya àwòrán ní ẹ̀rọ ni. Ẹ̀rọ kò ní ẹnu. Ẹni tí ó pín in ní òun kàn rí i gbà ni.

Ní ìlú wa Àjàṣẹ́, kò sí ẹ̀sìn kan tí ó fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ láì ní olùṣọ́. Ọmọ ilé-kéú tí kò tí ì mọ̀wé púpọ̀ ti mọ̀ pé àmì kan nísàlẹ̀ ni ba, àmì méjì lókè ni ta, bí ó bá sì fi ọ̀kan pe èkejì, yóò gbọ́ ohùn àfáà kí ó tó dé òpin ìlà. Ní ìdí Ifá, ẹni tí ń kì odù láàárín àwọn awo, bí ó bá ṣì í, ẹnìkan yóò tún un ṣe lójú ẹsẹ̀. Nínú ìjọ, àwọn ìyá tí kò mọ̀wé kà mọ orin sórí tó bẹ́ẹ̀ tí akọrin kò lè fo ọ̀rọ̀ kan kí wọ́n má mọ̀. Àwọn wọ̀nyí ni olùṣọ́. Ní ọjọ́ tí a sọ ìwé di fáìlì, a lé olùṣọ́ lọ, a kò sì fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀.

Àwọn àmì tí ẹ̀rọ ń nù kúrò bí eruku kì í sì í ṣe ọ̀ṣọ́. Àwọn tí ó ṣáájú wa jiyàn lé wọn lórí, wọ́n sì fi sùúrù yàn wọ́n. Samuel Àjàyí Crowther tẹ ìtumọ̀ Ìwé Róòmù jáde ní 1850. Odindi Bíbélì Yorùbá kò sì jáde títí di 1884. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni ó wà láàárín méjèèjì. Láàárín ìgbà náà, ní 1875, a pe ìpàdé ní Èkó lórí bí a ó ṣe máa kọ èdè yìí sílẹ̀. Ní ilẹ̀ Benin, ní 1975 ni a fi ìdí álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè orílẹ̀-èdè múlẹ̀, a sì tún un ṣe ní 1990 àti 2008. Òun ni ó fún wa ní ɛ àti ɔ níbi tí àwọn ará Nàìjíríà ti ń kọ ẹ àti ọ. Nítorí náà, ìdílé kan ní Djègan-Kpèvi lè ní ìwé orin tí a tẹ̀ ní Èkó àti ìwé ẹ̀kọ́ tí a tẹ̀ ní Benin nínú àpótí kan náà, kí ìkọ̀wé wọn má sì dọ́gba. Ẹ̀rọ tí a kò kọ́ lè ka ɔ sí o, ó lè kà á sí c, ó sì lè kà á sí àmì àkámọ́. Ìyà ilẹ̀ méjì ni ó ń jẹ ìwé wa.

A kì í sì í ṣe aláìní irinṣẹ́. Tesseract, ètò OCR ọ̀fẹ́ tí ẹnikẹ́ni lè gbé sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ní ìpín tí a ṣe fún Yorùbá. Ìpín náà kò lè wo gbogbo àìsàn, ṣùgbọ́n ó sàn kí á bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ ju kí á bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Faransé lọ. Àwa kò yàn án. A fi ẹ̀rọ sílẹ̀ sórí èdè tí a bá lórí rẹ̀, nítorí a kò fẹ́ lo ìṣẹ́jú márùn-ún láti yí i. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe di ẹ̀bi yìí ru òyìnbó.

A ti ń gbọ́ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Ẹnìkan yóò ní Ọlọ́run mọ ohun tí ó wà lọ́kàn wa. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n Ọlọ́run kọ́ ni ó ń ka fáìlì. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún tí a bí sí Cotonou, tí a fi Faransé kọ́ láti kékeré, tí ó sì ń fi ìwé wa wá èdè ìyá rẹ̀ kiri, òun ni ó ń kà á. Kò tí ì ní ohun tí àgbà ní lọ́kàn tí ó lè fi tún un ṣe. Bí ó bá bá ọ̀bùn níbẹ̀, ọ̀bùn ni yóò kọ́, yóò sì fi kọ́ ọmọ rẹ̀.

Ẹlòmíràn yóò ní kí fáìlì jáde ná, kí a máa tún un ṣe díẹ̀díẹ̀. Àwa fúnra wa ti sọ bẹ́ẹ̀ rí. Ta ni ó padà wá gba ẹ̀dà tí a tún ṣe? Ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Ẹ̀dà àkọ́kọ́ ni ó ń yára rìn, òun ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí ara wọn, òun ni wọ́n ń kà níbi òkú.

Ẹnìkẹta yóò ní kí a fi ẹ̀rọ onílàákàyè tuntun yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n ìgbàgbé jẹ́ ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó pé. Ọ̀bùn náà pé, ìṣẹ́ náà pé, ọrùn náà sì pé. Ẹ̀rọ tí ń wá ọ̀rọ̀ tí kò sí nínú ìwé atúmọ̀ yóò kí gbogbo wọn, yóò sì kọjá lọ. Èyí tí ó sì ń fi òye gbólóhùn méfò yóò fún wa ní gbólóhùn tí ó dán, tí ó sì já geere. Ìyẹn kò sọ pé òun ni gbólóhùn tí àwọn baba wa tẹ̀. Kí ẹ̀rọ nawọ́ sí ibi tí ó fura sí, a fara mọ́ ọn. Kí ó fọwọ́ sí ìwé dípò wa, a kọ̀ ọ́.

Àtakò kan ṣoṣo ni ó ní egungun nínú. Àwọn ìwé ń kú. Ikán ń jẹ wọ́n, òjò ń rin wọ́n, ọyẹ́ ń sọ bébà di ìyẹ̀fun, àwọn tí ó ni wọ́n sì ń lọ. Bí a bá ní kí a dúró de ẹni tí yóò kà á, ìwé lè má dúró dè wá. Òtítọ́ ni èyí, ìdáhùn rẹ̀ kò sì le: ẹ ya àwòrán ojú ìwé, kí ẹ pín àwòrán náà bí ó ṣe rí. Àwòrán kì í méfò. Ibi tí bébà ti ká yóò hàn lórí rẹ̀ pé bébà ni ó ká, ojú ènìyàn yóò sì rí ọ lábẹ́ rẹ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ wa bá mú àwòrán ojú ìwé lọ síbi àìsùn náà, ìgbàgbọ́ ni ìbá kà.

A mọ ohun tí àwòrán ń náni. Ó wúwo, ó ń jẹ mẹ́gábáìtì, owó rẹ̀ sì ń dun akẹ́kọ̀ọ́. A kò lè wá ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, ẹ̀rọ kò sì lè kà á sókè fún afọ́jú. Nítorí àwọn ìdí wọ̀nyí ni a kò fi sọ pé kí a má ṣe sọ ìwé di lẹ́tà mọ́. Ohun tí a ń sọ ni pé àwòrán ni kí ó kọ́kọ́ jáde, kí lẹ́tà tẹ̀ lé e nígbà tí ó bá mọ́.

Nítorí náà, èyí ni a bèèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ wa, lọ́wọ́ àwọn ìjọ àti àwọn mọ́sálásí tí ń bá wa ṣiṣẹ́, àti lọ́wọ́ gbogbo ẹni tí ó ní ẹ̀rọ tí ń ya ìwé. Kí a má ṣe pín ìwé ìsìn kankan ní lẹ́tà títí ènìyàn méjì yóò fi fi ẹnu kà á: kí ọ̀kan máa ka bébà sókè, kí èkejì máa tọ ojú kọ̀ǹpútà, kí ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ ẹni tí ó ti ń lo ìwé náà nínú ìsìn. Kí orúkọ àwọn méjèèjì, ọjọ́ tí wọ́n kà á, àti ọdún tí a tẹ bébà náà wà ní ojú ewé àkọ́kọ́, kí àṣìṣe lè ní olówó. Kí a fi àwòrán sí ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà, kí ẹni tí ó bá ṣiyèméjì lè wo orísun. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi àṣẹ kan ṣoṣo dá àmì padà sórí gbogbo ọ̀rọ̀. Kí a fi ìkọ̀wé àtijọ́ sílẹ̀ bí a ṣe bá a. Bí a bá fẹ́ sọ ọ́ di ti òde òní, kí a sọ fún òǹkàwé pé a ṣe bẹ́ẹ̀. Bí a bá sì rí àṣìṣe lẹ́yìn tí ìwé ti jáde, kí a tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn yìí, ní Yorùbá àti ní Faransé, bí ó ti wù kí ó tini lójú tó.

Àwọn kan yóò sọ pé ìlànà yìí yóò dín iye ìwé tí à ń gbé jáde kù. Yóò dín in kù dájúdájú. Ìwé kan tí a lè gbé lé orí àga ìwàásù láì bẹ̀rù sàn ju ogún ìwé tí a ó máa tọrọ àforíjì nítorí wọn lọ.

Ẹ̀yin ìyá wa àti ẹ̀yin bàbá wa, ẹ má ṣe fún wa ní ìwé yín nìkan; ẹ fún wa ní etí yín. Àwa mọ kọ̀ǹpútà lò, ẹ̀yin ni ẹ mọ bí orin ṣe rí kí ó tó dé inú rẹ̀. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ wá jókòó tì wọ́n. Ẹ kò ní rí ẹ̀kọ́ èdè tí ó dára ju wákàtí méjì tí ẹ fi tọ ìka àgbà lórí ìlà ìwé lọ.

Ọmọbìnrin olóògbé náà ni ó kọ́kọ́ gbà láti bá wa ka ìwé orin. Ẹ̀dà tí ìyá rẹ̀ lò ni ó mú wá. Ó ka bébà sókè, akẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ àìsùn sì tọ ojú kọ̀ǹpútà. Nígbà tí wọ́n dé ẹsẹ kẹta, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó dúró títí akẹ́kọ̀ọ́ fi tún lẹ́tà kan ṣoṣo náà tẹ̀, wọ́n sì lọ sí orin tí ó kàn.

A ti fa fáìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wa padà. Ẹni tí wọ́n bá wà lórí fóònù rẹ̀, kí ó pa wọ́n rẹ́ lónìí, kí ó sì sọ fún ẹni tí ó fi wọ́n ránṣẹ́ sí i.